Ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò Ìṣirò nínú UTME

Ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò Ìṣirò nínú UTME ni ètò ẹ̀kọ́ àti ìdánrawò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe kí ó tó jókòó fún iṣẹ́ Ìṣirò nínú ìdánwò àṣewọlé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Àjọ JAMB ni ó ń ṣètò ìdánwò náà lọ́dọọdún. Ìbéèrè 40 ni ó wà nínú iṣẹ́ Ìṣirò, máàkì 100 sì ni àpapọ̀ rẹ̀ nínú 400 tí ó wà fún iṣẹ́ mẹ́rin tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Ohun tí ó ya ìdánwò yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ìdánwò àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ girama ni pé kò sí olùkọ́ tí yóò wo ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú ìdánwò WAEC, ẹni tí ó tọ ọ̀nà tí ó yẹ ṣùgbọ́n tí ó ṣi ìdáhùn ìparí lè rí máàkì díẹ̀ gbà nínú apá tí a ti ń kọ àlàyé. Nínú UTME, ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ yàn nìkan ni kọ̀ǹpútà ń kà. Nítorí náà, ìmọ̀ nìkan kò tó fún un. Ó tún nílò ìyára, ìfarabalẹ̀ àti òye èdè tí a fi béèrè ìbéèrè.

Ìtàn

Kí ọdún 1978 tó dé, fásitì kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà ni ó ń ṣe ìdánwò àṣewọlé tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ra fọ́ọ̀mù fásitì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó ṣe ìdánwò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì gbà á sí ju ibì kan lọ nígbà tí ẹlòmíràn kò rí àyè rárá. Ìjọba ológun àpapọ̀ dá JAMB sílẹ̀ ní ọdún 1978 láti fi òpin sí èyí. Ní ọdún 1989, òfin mìíràn fi ìgbaniwọlé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ sí abẹ́ àjọ náà. Ní ọdún 2010 ni a da àwọn ìdánwò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ náà pọ̀ di ẹyọ kan tí a mọ̀ sí UTME.

Orí ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe ìdánwò yìí; akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi pẹ́ńsù kun ojú ìdáhùn tí ó bá yàn. Ní ọdún 2013, JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún àwọn tí ó bá fẹ́ ẹ. Nígbà tí ó di ọdún 2015, kọ̀ǹpútà ti gba ipò ìwé pátápátá.

Àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ Ìṣirò

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ dandan fún gbogbo ẹni tí ó ń ṣe UTME. Iṣẹ́ mẹ́ta yòókù dá lé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kà. Ẹni tí ó fẹ́ di ẹnjiníà máa ń ṣe Ìṣirò, Físíksì àti Kẹ́místrì. Ẹni tí ó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ ìṣirò owó tàbí ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ń ṣe Ìṣirò pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó fẹ́ ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ di dókítà oníṣègùn òyìnbó, Físíksì, Kẹ́místrì àti Bàọ́lọ́jì ni yóò ṣe, kò sì ní ṣe Ìṣirò nínú UTME bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ ní í nínú ìwé-ẹ̀rí girama rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ àpapọ̀ kéde pé kírẹ́díìtì nínú Ìṣirò kò ní jẹ́ dandan mọ́ fún àwọn tí ó fẹ́ wọlé ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ èdè. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ṣì gbọ́dọ̀ jókòó fún Ìṣirò nínú ìdánwò àṣekágbá. Ìkéde yìí kò kan àwọn tí ẹ̀kọ́ tí wọ́n yàn béèrè fún Ìṣirò.

Ìlànà ẹ̀kọ́

JAMB máa ń gbé ìlànà ẹ̀kọ́ jáde fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti Ìṣirò pín sí apá márùn-ún:

1. Nọ́ńbà àti ìkàyé: ìpìlẹ̀ ìkàyé, ìdá, ìdá ọgọ́rùn-ún, lọ́gárítímù, gbòǹgbò nọ́ńbà àti àkójọ.
2. Áljẹ́brà: ìdọ́gba, àìdọ́gba, ìtẹ̀léra nọ́ńbà, ìyípadà tí ó so ohun méjì pọ̀, àti mátíríìsì.
3. Jẹ́ọ́mẹ́trì àti tirigonómẹ́trì: igun, onígun mẹ́ta, òbírí, ìwọ̀n ojú àti inú nǹkan, àti ibi tí àmì wà lórí àwòrán ìlà.
4. Kálkúlọ́ọ̀sì: bí ìyípadà ṣe ń yára tó, ìlò rẹ̀, àti ìdàpadà rẹ̀.
5. Ìmọ̀ ìṣirò àkójọ dátà: àwòrán dátà, ìwọ̀n àárín, ìtànkálẹ̀ dátà, ètò àti àṣàyàn, àti ìṣeéṣe.

Ìlànà yìí ni ó yẹ kí ó jẹ́ ìwé àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣí, nítorí òun ni ó sọ ààlà ohun tí a lè béèrè. Apá kẹrin máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láàmú, nítorí pé ìparí ilé-ẹ̀kọ́ girama ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń kàn án, àwọn mìíràn kì í sì í dé ibẹ̀ kí ọdún tó parí. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì nìkan lè dé gbọ̀ngàn ìdánwò láì tí ì pàdé odindi apá kan.

Àkókò àti kọ̀ǹpútà

Wákàtí méjì ni gbogbo ìdánwò náà. Ìbéèrè 60 ni ó wà fún Èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 sì ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 180. Bí a bá pín ìṣẹ́jú 120 sí ìbéèrè 180, ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Èyí kò tó fún ọ̀pọ̀ ìbéèrè Ìṣirò.

JAMB kò pín àkókò náà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò pín in. Fún àpẹẹrẹ, ẹni tí ó ń ṣe Ìṣirò, Físíksì àti Kẹ́místrì lè fún Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìṣẹ́jú 20, Kẹ́místrì ní 25, Físíksì ní 30, kí ó sì fi 45 sílẹ̀ fún Ìṣirò. Pẹ̀lú ètò yìí, ìbéèrè Ìṣirò kọ̀ọ̀kan yóò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ díẹ̀. Apá kan nínú ìbéèrè Èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń jáde láti inú ìwé ìtàn tí JAMB yàn. The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ ni ti ọdún 2025. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé náà dáadáa yóò dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn kíákíá, àkókò tí ó bá sì ṣẹ́kù níbẹ̀ yóò wúlò fún Ìṣirò.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ mú ẹ̀rọ ìṣirò, fóònù tàbí aago ọwọ́ wọlé. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n títẹ̀ ẹ́ ń gba àkókò, kò sì ní àwọn bọ́tìnnì tí ó wà lára ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n ń lò ní kíláàsì. Ẹni tí ó mọ ìsọdipúpọ̀ títí dé 12 lórí, tí ó sì mọ nọ́ńbà tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ títí dé 20, yóò yára ju ẹni tí ó ń tẹ gbogbo rẹ̀ lọ.

Kò pọn dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí a ṣe ń lo máòsì. Ó lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe gbogbo ìdánwò: A, B, C àti D fún yíyan ìdáhùn, N fún ìbéèrè tí ó kàn, P fún èyí tí ó ṣáájú, S fún ìfiránṣẹ́ ìdánwò, àti R fún pípadà sínú ìdánwò bí ó bá ṣèèṣì tẹ S. JAMB gbé ètò yìí kalẹ̀ kí ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé má baà pàdánù nítorí rẹ̀.

Ọ̀nà ìmúrasílẹ̀

Ìdánrawò pẹ̀lú ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ni ọ̀nà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó há ìdáhùn sórí kò kọ́ nǹkan kan. Ìwúlò ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ni láti fi orí ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ hàn án, kí ó sì padà sínú ìwé láti kọ́ ọ. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ gbogbo ìbéèrè tí ó kùnà sí, pẹ̀lú ìdí tí ó fi kùnà, wúlò ju ríra ìwé ìbéèrè mẹ́ta lọ. Ìdí ìkùnà sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta: kò mọ ẹ̀kọ́ náà, ó ṣi ìbéèrè lóye, tàbí ó kánjú ṣe ìṣirò.

Àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà nínú irú ìdánwò yìí kì í ṣe ohun tí a kàn kọ síbẹ̀. Olùgbékalẹ̀ ìbéèrè máa ń ronú sí àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀, yóò sì fi èsì àṣìṣe náà sí àárín àwọn ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí a wo oníṣòwò kan tí ó ra ọjà ní ₦8,000 tí ó sì tà á ní ₦10,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦2,000. Orí iye tí ó fi rà á ni a ti ń ṣírò ìdá ọgọ́rùn-ún èrè, nítorí náà 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìdáhùn. Ẹni tí ó bá pín èrè náà sí iye tí ó tà á yóò rí 20, ó sì ṣeé ṣe kí 20 wà níbẹ̀ tí yóò máa dúró dè é.

Àǹfààní mìíràn ni pé ìdáhùn ti wà lójú kọ̀ǹpútà. Bí a bá béèrè iye x nínú x² − x − 12 = 0, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìdáhùn kọ̀ọ̀kan dán ìdọ́gba náà wò. Bí x bá jẹ́ 4, a ó ní 16 − 4 − 12, èyí tí ó jẹ́ 0. Bí x bá jẹ́ −3, a ó ní 9 + 3 − 12, èyí tí ó jẹ́ 0 pẹ̀lú. Ọ̀nà yìí ń gba akẹ́kọ̀ọ́ là nígbà tí ó bá gbàgbé ọ̀nà tí wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ẹ̀kọ́ nínú gbogbo ìbéèrè.

Ìtò ìbéèrè ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá dúró ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ìbéèrè kejì lè má dé ìbéèrè kejìdínlógójì tí ì bá dáhùn ní ìṣẹ́jú àáyá 20. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti la iṣẹ́ náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì: ní àkọ́kọ́, kí ó dáhùn gbogbo èyí tí ó rọrùn, lẹ́yìn náà, kí ó padà sí àwọn tí ó fò. Ìbéèrè tí a kò dáhùn kò lè mú máàkì kankan wá.

JAMB tún máa ń ṣe ìdánwò àdánwò kí ti gidi tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe dandan, owó ọ̀tọ̀ sì ni a ń san fún un, ṣùgbọ́n ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti jókòó nínú gbọ̀ngàn gidi níwájú kọ̀ǹpútà gidi.

Èdè ìbéèrè

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń béèrè gbogbo ìbéèrè Ìṣirò, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kùnà nítorí gbólóhùn, kì í ṣe nítorí nọ́ńbà. "At least 3" túmọ̀ sí pé ó kéré tán, mẹ́ta. Mẹ́ta fúnra rẹ̀ wà lára rẹ̀. "More than 3" túmọ̀ sí ohun tí ó ju mẹ́ta lọ. Mẹ́ta kò sí lára rẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré yìí tó láti sọ ìdáhùn tí ó tọ̀nà di èyí tí kò tọ̀nà nínú ìbéèrè àìdọ́gba tàbí ti ìṣeéṣe.

Gbólóhùn tí ó tún ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ni "5 less than x". Ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, ìyẹn 5 − x, bẹ́ẹ̀ x − 5 ni ó tọ̀nà. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ti ní ohun tí yóò fi rántí èyí. Nínú márùndínlógún, márùn-ún ni a kọ́kọ́ pè, ogún ni a pè kẹ́yìn, síbẹ̀ ara ogún ni a ti yọ márùn-ún kúrò tí ó fi jẹ́ 15. Ìlànà kan náà ni ó wà nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yẹn.

Ìkàyé Yorùbá tún lè là ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìkàyé yé akẹ́kọ̀ọ́. Ogún ni Yorùbá fi ṣe ìpìlẹ̀ ìkàyé: ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ọgọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin. Àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí ó lóye pé nọ́ńbà 35 kan náà lè jẹ́ "mẹ́wàá mẹ́ta àti márùn-ún" ní ọ̀nà kan, kí ó sì jẹ́ márùndínlógójì ní ọ̀nà mìíràn, kò ní yà á lẹ́nu pé 35 yìí ni a ń kọ sílẹ̀ bíi 120 ní ìpìlẹ̀ 5: ẹyọ márùnlélógún kan, márùn-ún méjì, àti òdo.

Ìbéèrè bóyá ó yẹ kí a fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní Ìṣirò ti pẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, Ìṣirò pẹ̀lú, tí Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Ìròyìn ètò náà fi hàn pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò kẹ́yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Ní Ajah àti agbègbè Lẹ́kí

Thomas Estate jẹ́ àdúgbò ibùgbé ní Ajah, ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bíi ti àwọn àdúgbò mìíràn ní ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè gbà múra sílẹ̀: kí olùkọ́ lẹ́sìn máa wá sílé, kí wọ́n lọ sí ilé lẹ́sìn níta, tàbí kí wọ́n fi ìwé àti fóònù kọ́ ara wọn. Owó tí òbí ní ni ó sábà máa ń pinnu èyí tí ọmọ yóò rí. Ṣùgbọ́n ìlànà ẹ̀kọ́ JAMB kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, ẹni tí kò ní olùkọ́ lẹ́sìn sì lè fi í tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà bí ó bá pín in sí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó ṣẹ́kù.

Ìrìnnà jẹ́ ara ìmúrasílẹ̀ ní agbègbè yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ń yan ìlú tí ó ti fẹ́ ṣe ìdánwò nígbà ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n JAMB ni ó ń yan ibùdó fún un. Ìwé ìránnilétí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ jáde ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdánwò ni ó ń sọ ibùdó, ọjọ́ àti wákàtí. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ní òwúrọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tí ìdánwò rẹ̀ bọ́ sí òwúrọ̀ ti mọ ibùdó rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó sì jáde nílé kí ọ̀nà tó kún.

Ìdánwò ọdún 2025

Èsì tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ 1,955,069. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ nínú wọn tí kò dé máàkì 200. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí fẹ̀sùn kàn pé èsì náà kò tọ̀nà. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ náà, jẹ́wọ́ ní gbangba pé àṣìṣe wà. Àtúnṣe kan tí a ṣe sí ètò kọ̀ǹpútà kò dé orí àwọn ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ti gúúsù ìlà-oòrùn, a kò sì ka ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ bí ó ṣe yẹ.

Ibùdó 157 nínú 887 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ 206,610 ni ó wà nínú ibùdó 65 ní Èkó, 173,387 sì wà nínú ibùdó 92 ní gúúsù ìlà-oòrùn. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 379,997. Láti ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìdánwò náà ṣe. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fi hàn pé máàkì tí ó kéré kì í ṣe ẹ̀rí nígbà gbogbo pé akẹ́kọ̀ọ́ kò múra. Ó tún fi hàn pé ẹni tí ó kọ́ Ìṣirò dé ìpìlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò rọrùn fún jù, nítorí ọjọ́ díẹ̀ ni ó wà láàárín ìkéde náà àti àtúnṣe ìdánwò.

Ipò èsì nínú ìgbaniwọlé

Ní oṣù keje ọdún 2025, JAMB àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga fẹnu kò sí 150 gẹ́gẹ́ bí máàkì tí ó kéré jù lọ fún fásitì, àti 100 fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga onímọ̀ ẹ̀rọ. Fásitì kọ̀ọ̀kan lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yunifásítì ìlú Èkó tí ó wà ní Akọ́kà kì í gba ẹni tí kò bá ní 200.

Ní Yunifásítì ìlú Èkó, èsì UTME kó ìdajì nínú ìṣirò ìgbaniwọlé: a ó pín máàkì náà sí mẹ́jọ, kí ó lè jẹ́ 50. Ìdánwò tí fásitì náà fúnra rẹ̀ ń ṣe kó 30, èsì ìdánwò girama sì kó 20. Ẹni tí ó ní 240 nínú UTME yóò ní 30 nínú 50. Bí ó bá fi máàkì 10 kún Ìṣirò rẹ̀, àmì 1.25 ni yóò kún un. Iye yìí dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dù, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń wà láàárín ẹni tí a gbà àti ẹni tí yóò dúró de ọdún mìíràn.